Awò Wo Ni Kí Ọdẹ Rà?

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lọ́sẹ̀ yìí.

Olùkọ́ kan ní Ìlárá, lẹ́bàá ààlà wa pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Benin, ló kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ ra awò awọ̀nàjíjìn, ìyẹn awò olójú méjì tí a fi ń wo ohun tó jìnnà, fún bàbá òun tí wọ́n jẹ́ ọdẹ. Ó rí ọ̀kan lọ́jà tí a kọ 30×60 sí lára, tí dígí rẹ̀ pupa yòò, tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ó ní ṣé kì í ṣe èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù ló dára jù?

Rárá o, Tíṣà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ ìlọ́po tí awò fi ń mú nǹkan tóbi. Èkejì ni ìbú dígí iwájú ní mìlímítà. Awò 8×40 yóò mú ẹtu tó wà ní mítà 80 dàbí ẹni pé ó wà ní mítà 10.

Ẹ wá pín 40 sí ọ̀nà 8, ẹ ó rí 5. Mìlímítà 5 yìí ni ìbú ìmọ́lẹ̀ tí ń wọ ẹyinjú. Ẹ pín 60 sí ọ̀nà 30, ẹ ó rí 2 péré. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹran ń jẹ̀, ẹyinjú wa a máa là láti gba ìmọ́lẹ̀: ti ọ̀dọ́ lè tó mìlímítà 7, ti àgbàlagbà a máa tó bíi 5. Awò tí ń fún un ní 2 yóò ṣókùnkùn ní àkókò náà gan-an tí ọdẹ ń fẹ́ ẹ. Bí awò sì ti ń mú ẹran tóbi, bẹ́ẹ̀ ló ń mú gbígbọ̀n ọwọ́ tóbi.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ awò pọ́ọ́kú tí a kọ 30×60 sí ni kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ na awò síwájú bí ẹni ń kàwé, kí dígí ńlá kọjú sí ojú ọ̀run tó mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sí oòrùn láé. Ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ roboto nínú dígí kékeré. Ti 30×60 tòótọ́ kò ju ìbú igi ìṣáná lọ. Bí ó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, irọ́ ni nọ́ńbà náà. Dígí pupa yòò ń lé ìmọ́lẹ̀ pupa padà, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ pupa wà lára àwọ̀ ẹtu àti ìgalà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo etí òrùlé tó jìnnà. Bí ó bá di méjì, ẹ dá awò padà fún ẹni tó ń tà á.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹran nìkan ni mo ṣe ń sọ èyí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pààlà ní 1889, Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìlárá bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ará kò yé bẹ ará wò. Obìnrin tí ń ṣẹ́gi, àgbẹ̀, darandaran, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ ẹni: gbogbo wọn ló lè mi koríko nínú ọ̀dàn. Koríko tó mì kò tíì di ẹran títí ojú yóò fi rí orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbọn tó ti dún kò ṣeé pè padà. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi awò orí ìbọn wá nǹkan kiri, nítorí ohunkóhun tí ó bá fi wò ni ó ti na ìbọn sí.

Nítorí náà, Tíṣà, ẹ ra 8×40 tàbí 8×42 tí omi àti ìrì kò lè wọ̀, tó ní okùn ọrùn. Ẹ sọ fún Bàbá pé lóru, awò yìí kì í sọ òkùnkùn di ọ̀sán. Ohun tí wọn kò bá rí dájú, kí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹran mìíràn ń bẹ nígbó, ènìyàn kò ní ìpààrọ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.