Òṣómàáló Kì í Yẹ Ọjọ́

Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láti ìlú dé abúlé ni wọ́n sọ ní Òṣómàáló. Àwìn ni wọ́n ń tà. Bí ọjọ́ owó bá pé tí onígbèsè ń ṣe kámi-kàmì-kámi, oníṣòwò á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó di ìgbà tí owó bá jáde. Ìlóṣòó yẹn ni gbogbo ènìyàn rántí. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé Òṣómàáló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ tó dá.

Ní 1907 ni rélùwéè dé Òṣogbo, tí ẹrù Èkó fi ń já síbẹ̀ kó tó kárí agbègbè. Lónìí, ọkọ̀ àjàgbé ló ń kó ọjà wá, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ gbé e láti sítọ́ọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni owó ti ń jò.

Ẹ jẹ́ ká wo alágbàtà kékeré kan l'Óṣogbo, tó ní sítọ́ọ̀ kan àti bọ́ọ̀sì kan. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ń retí rẹ̀ ní Iléṣà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wá ọṣẹ lẹ́yìn bisikíìtì, oòrùn kan àtàrí kí ọkọ̀ tó gbéra, wọ́n sì tún gbàgbé páálí mẹ́ta. Ó di kí wọ́n padà lọ lọ́la.

Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún 2023, lítà bẹntiróòlù kò tó 200 náírà. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá 2024, ó ti tó nǹkan bí 1,000. Ìrìn ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ti jẹ èrè páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán.

Àtúnṣe rẹ̀ kò pọn dandan kó ní kọ̀ǹpútà nínú. Kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, kí èyí tó ń yá jùlọ wà nítòsí ilẹ̀kùn. Kí èyí tó kọ́kọ́ wọlé kọ́kọ́ jáde, kí ọjọ́ má baà kọjá lórí rẹ̀. Kí wọ́n ti di ẹrù láti alẹ́ àná, kí ẹrù ṣọ́ọ̀bù tí wọn yóò bá kẹ́yìn sì kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Ní gbogbo Sátidé, kí wọ́n ka oríṣi ọjà mélòó kan, kí wọ́n fi wé ìwé.

Oníṣọ́ọ̀bù tí kò rí ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ti ra ti ẹlòmíràn kí Ọjọ́rú tó mọ́. Owó tí ìbá fi san gbèsè ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló sì fi rà á.