Àmì Tí Ẹ̀rọ Amómigbóná Fi Ń Kìlọ̀ fún Onílé

Inú ilé èmi tìkára mi ni ọ̀ràn ti ọ̀sẹ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, kò sì bu ọlá fún mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, ìyàwó mi ké sí mi láti balùwẹ̀ pé, “Bàbá wọn, ẹ̀rọ omi yìí ń gbé mi lọ́wọ́ o!” Mo lọ, mo fi ọwọ́ kàn án, n kò rí nǹkan kan, mo sì wí fún un pé òtútù ni ó ń bá a jà. N kò rò ó pé bàtà rọ́bà wà ní ẹsẹ̀ mi, ọwọ́ mi sì gbẹ, nígbà tí òun dúró ní ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ tí omi wà. Àbíkẹ́yìn wa ni ìwẹ̀ kàn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ìyá rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ó pa iná, ó sì gbé omi ka orí sítóòfù.

Nígbà tí oníṣẹ́ iná dé, ó fi ohun mẹ́ta hàn mí. Irin tí ń mú omi gbóná nínú táńkì ti là. Wáyà kẹta, èyí tí ó yẹ kí ó mú iná tí ó bá ṣìnà wọ ilẹ̀ lọ, ti gé. A sì ti dí fáàfù tí omi ń kán láti ẹnu rẹ̀. Mo jẹ́wọ́: èmi ni mo ní kí púlọ́ńbà dí i, nítorí tí kíkán rẹ̀ ń bí mi nínú.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn àmì náà yẹ̀ wò.

Èkíní: bí omi tàbí ẹnu ẹ̀rọ bá ń gbé ni lọ́wọ́, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹ pa iná láti ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wẹ̀ níbẹ̀ títí oníṣẹ́ iná yóò fi dé. Ẹ bi í bí wáyà ilẹ̀ bá pé. Ẹ ní kí ó fi ohun tí ń já iná fúnra rẹ̀ sí i, irú èyí tí ń já bí 30 milliampere péré bá ṣìnà.

Èkejì: omi a máa wú bí ó ti ń gbóná, fáàfù ni ó sì ń fún un ní àyè. Bí ó bá ń kán díẹ̀ nígbà tí omi ń gbóná, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Bí ó bá ń ṣàn láìdá, ẹ pe oníṣẹ́. Ẹ má ṣe dí i láé. Bí a bá dí i, tí ohun tí ń ṣọ́ ìwọ̀n ìgbóná sì bàjẹ́, omi inú táńkì lè gbóná kọjá 100 Celsius láìhó. Ní ọjọ́ tí táńkì bá bẹ́, apá kan nínú omi náà yóò di oruku tí ó gba àyè ju ti omi lọ ní ìlọ́po 1,600, yóò sì wó ògiri.

Ẹ̀kẹta: omi tí ó gbóná tó 60 Celsius lè bó àgbàlagbà lára ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5, ti ọmọdé yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí oruku bá ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ pa á.

Ẹ̀kẹrin: ẹ̀rọ 3,000 watt ń fa iná tó 13 ampere. Wáyà tín-ín-rín kò lè rù ú. Bí súìṣì bá gbóná, tí ó dúdú, tàbí tí ó ń rùn bí ohun tí ń jóná, ẹ má ṣe tàn án mọ́. Ẹ má sì ṣe tàn án nígbà tí omi kò bá sí nínú táńkì.

Òfin Mósè, nínú Deuteronomi orí 22, pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé titun ṣe ìdènà yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ṣubú má baà wà lọ́rùn ilé náà. Wáyà ilẹ̀ àti fáàfù ni ìdènà ti ọjọ́ tiwa. Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Ẹ yẹ tiyín wò kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Bí aya tàbí ọmọ bá sì wí pé iná ń gbé òun, ẹ má ṣe sọ fún un, bí mo ti sọ, pé òtútù ni.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.