Ọkọ̀ Wo Ni Ó Yẹ Kí Àlejò Yá Ní Eleko?

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò yẹ kí á fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àwọn ènìyàn wa láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti ilẹ̀ Èkìtì a máa wá sí etí òkun Eleko láti sinmi, púpọ̀ nínú wọn a sì fẹ́ yá ọkọ̀ kí wọ́n lè ju ìwọ̀ sómi. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ń wí pé ọkọ̀ igi àwọn apẹja ti di ohun àtijọ́, pé kayak oníke tí ó ti òkè òkun wá nìkan ni ó yẹ ẹni tí ó lajú, kí olúkúlùkù sì dá wà á bí ó ti wù ú. Àwa lòdì sí èrò yìí, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ta ni ó ni kayak? Kì í ṣe òyìnbó London ni ó dá a sílẹ̀. Àwọn Inuit ilẹ̀ oníyìnyín, ní Greenland àti ìhà àríwá Kánádà, wà lára àwọn tí ó ni ín láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Igi tí omi gbé wá sí èbúté, tàbí egungun àbùùbùtán, ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀, wọ́n sì fi awọ ẹran inú òkun bò ó. Òyìnbó rí i, kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó kọ́ ọgbọ́n rẹ̀, ó fi ike rọ ọ́, ó sì ń tà á fún gbogbo ayé. Bí àlejò bá lè bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn báyìí, èéṣe tí àwa ọmọ onílé fi ń kẹ́gàn tiwa?

Tiwa kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dojú kọ Èkó, ńṣe ni a lé wọn padà. Nígbà tí wọ́n tún dé ní oṣù kejìlá, tí ìbọn ńlá borí, Ọba Kòsọ́kọ́ fi Èkó sílẹ̀, ó sì tẹ̀dó sí Èpé létí ọ̀sà. Ẹ tún wo ọkọ̀ ńlá tí àwọn ará Gáná fi ń la ìgbì kọjá, tí àwọn apẹja etíkun wa pẹ̀lú ń lò. Ara igi tí wọ́n ń pè ní wawa ni a ti ń gbẹ́ ẹ. Kí ni wawa? Arère inú igbó wa náà ni! Igi tí a ń gé tà fún òyìnbó ní orúkọ obeche ni àwọn ẹlòmíràn ń fi la òkun já.

Síbẹ̀, a kò wí pé kayak kò dára. Omi ni kí a kọ́kọ́ bi, kí a tó bi ọkọ̀. Omi méjì ni ó há ilẹ̀ Lẹ́kì mọ́ àárín: òkun ní gúúsù, ọ̀sà ní àríwá. Ọ̀sà Lẹ́kì, ní ìhà ìlà-oòrùn, kò jìn ju nǹkan bí mítà 6.4 lọ níbi tí ó jìn jù. Lórí irú omi báyìí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kayak yan èyí tí ó fẹ̀ nídìí, tí a ń jókòó lé lórí, tí ó ní ihò tí omi ń gbà jáde. Èyí tí a ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, bí ó bá dojú dé, omi ni yóò kún un. Kí ó sì béèrè ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé.

Ṣùgbọ́n òkun Eleko kì í ṣe ọ̀sà. Ìgbì rẹ̀ ń wó lulẹ̀ lẹ́bàá iyanrìn gan-an, ìṣàn rẹ̀ sì ń fa ènìyàn lọ sí ojú agbami. Nígbà òjò, ìbínú rẹ̀ a máa pọ̀ sí i. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 tí a ti ṣí èbúté ńlá Lẹ́kì, ọkọ̀ òkun ńláńlá pẹ̀lú ń rìn ní agbègbè náà. Àwọn baba wa wí pé òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ẹni tí ó bá dá kayak wà sínú ìgbì bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó kàwé, ìwé rẹ̀ kò ní gbà á.

Àwọn alátakò wa yóò wí pé ọkọ̀ apẹja mìíràn ń jò, pé kò sí ẹ̀wù amúniléfòó nínú rẹ̀, pé ẹni tí ó bá wọ aṣọ ńlá ni wọ́n ń bu owó lé. Òtítọ́ ni ti àwọn kan. A kò ní bò ó. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí ayálò yẹ ìdí ọkọ̀ wò nígbà tí ó ṣì wà lórí iyanrìn. Kí ó béèrè iye àjẹ̀ tí ó wà bí ẹ̀rọ bá kú. Kí a sì fẹnu kò lórí owó, wákàtí, àti ẹni tí yóò san ohun tí ó bá bàjẹ́, kí ẹsẹ̀ tó kan omi. Lẹ́yìn èyí, atukọ̀ ni ọ̀gá, ìbáà ṣe adájọ́ ni ó gbé. Bí ó bá wí pé òní kò ṣeé lọ, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a padà sílé.

Ẹ̀yin baálẹ̀ àti ìjòyè etíkun, ọwọ́ yín ni ìyókù wà. Ẹ pe àwọn apẹja jọ. Ẹ jẹ́ kí iye owó ọkọ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn, kí ẹ̀wù amúniléfòó wà fún olúkúlùkù, kí ọkọ̀ tí ń jò má ṣe gbé àlejò. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ rán àwọn ọmọ yín lọ kọ́ ìwẹ̀ àti ìtukọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Bí a bá jẹ́ kí atukọ̀ ìkẹyìn kú láìní ọmọ iṣẹ́, gbogbo kayak ayé kò lè kọ́ wa ní ojú omi tiwa mọ́.