Sàlẹ́ńsà Mọ́tò: Páìpù Ni Kí Ẹ Gbé Lọ Sọ́dọ̀ Wẹ́dà, Ẹ Fi Mọ́tò Sílé

 

Ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà mọ́tò la fẹ́ jọ sọ lónìí. Sàlẹ́ńsà la máa ń pe gbogbo rẹ̀, láti ìdí ẹ́ńjìnnì títí dé ibi tí èéfín ti ń jáde lẹ́yìn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé agolo ńlá tó ń pa ariwo yẹn gan-an ló lorúkọ. Ládùúgbò wa yìí, ẹ ò nílò kí ẹ yọjú lójú fèrèsé kí ẹ tó mọ̀ pé bàbá kan ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Láti ìkóríta lẹ ó ti máa gbọ́ mọ́tò rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà Sakponba láti Ring Road wá sí òkè yìí mọ ohun tí ojú páìpù ń rí: kòtò, omi pupa, bọ́m̀pù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé inú ni páìpù ti sábà máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Bí epo bá jó nínú ẹ́ńjìnnì, omi wà lára ohun tó ń jáde. Tó bá jẹ́ ìrìn kúkúrú la máa ń rìn, ká gbé ọmọ lọ síléèwé, ká yà sọ́jà, ká padà sílé, páìpù ò ní gbóná tó láti lé omi yẹn jáde. Á dúró sínú agolo, agolo á dípẹtà.

Ohun tí a fẹ́ sọ ò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká yé gbé odindi mọ́tò lọ sábẹ́ iná wẹ́dà. Ká tú páìpù nílé, nínú ọgbà wa, ká gbé páìpù nìkan lọ kí wọ́n jó o, tàbí ká ra òmíràn ká fi sí i fúnra wa.

Àwọn kan á ní, ṣé àwọn ni mẹkáníìkì ni? Àwọn míì á ní à ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ iṣẹ́. Rárá o. Wẹ́dà á ṣì gba owó ẹ̀ lórí ohun tó jó. Èyí tí a fẹ́ gbà kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ ni àyè láti wà lábẹ́ mọ́tò wa pẹ̀lú ayùn àti iná nígbà tí a jókòó sábẹ́ igi tí à ń tẹ fóònù.

Ẹ wo ti iná ná. Lára ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry tí à ń gùn, páìpù yìí gba ìtòsí táǹkì epo kọjá. Ẹṣẹ́ná wẹ́dà ò sì mọ táǹkì yàtọ̀ sí páìpù. Tí wọn ò bá sì yọ orí bátìrì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, iná tí wọ́n fi ń jórin lè gba ara mọ́tò lọ ba ọlitanétọ̀ tàbí brain box jẹ́. Mọ́tò tó bá ariwo wọlé á wá jáde lórí ọkọ̀ tó ń wọ́ ọ.

Ti catalyst ló dùn wá jù. Lápá iwájú páìpù yẹn, ohun kan wà tí inú rẹ̀ dà bí afárá oyin. Láti orí àwọn mọ́tò ọdún 1975 ni Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sí mọ́tò káàkiri. Wọ́n fi platinum, palladium àti rhodium pa inú rẹ̀, ìyẹn àwọn irin olówó iyebíye tó ń sọ èéfín olóró di èyí tí oró rẹ̀ dín kù gan-an. Ní ọdún 2021, owó rhodium wọ́n débi pé ó ju ìlọ́po mẹ́wàá owó góòlù lọ. Ẹ bi àwọn èèyàn wa ní London, wọ́n á sọ fún yín bí àwọn olè ṣe ń wọ abẹ́ mọ́tò lóru pẹ̀lú ayùn nítorí ẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń ṣe wàhálà láti jí i. Àwa fúnra wa là ń gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n á ní, "Oga, this your catalyst don block, make we comot am, motor go fly." Inú wa á dùn. A ó tún sanwó iṣẹ́! Wọ́n á fi páìpù lásán dípò ẹ̀, ẹni tó ń ra catalyst kiri á wá gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́. A ò sọ pé gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. A mọ àwọn ọmọ Bìní tí ọwọ́ wọn mọ́ lágbo iṣẹ́ yìí, a sì mọ ọmọ Yorùbá tiwa tí ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́. Òótọ́ sì ni pé catalyst lè dí, pàápàá tí ẹ́ńjìnnì bá ń jẹ ọ́ìlì. Àmọ́ tó bá tiẹ̀ dí, ẹrù yín ni. Ẹ ní kí wọ́n kó o fún yín. Ní Ìlú Ọba, mọ́tò tí wọ́n bá yọ catalyst tó bá a wá ò lè yege nínú àyẹ̀wò MOT. Nàìjíríà náà ní òfin NESREA ti ọdún 2011 lórí èéfín mọ́tò, ṣùgbọ́n àwa ò tíì rí ẹni tó wọn èéfín ẹnikẹ́ni rí ní Upper Sakponba.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Páìpù tó bá lu níwájú, lábẹ́ ibi tí èèyàn jókòó sí, lè máa fẹ́ carbon monoxide sínú mọ́tò. Gáàsì yìí ò láwọ̀, kò lóòórùn, bó sì ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ìlọ́po igba ti ọ́síjìn lọ. Òun náà ni jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀ fi ń pa ìdílé mọ́jú. Ẹ wá rò ó: gíláàsì wà lókè, ẹ́ẹ̀sì ń ṣiṣẹ́, go-slow ti há yín mọ́, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn. Orí á máa fọ́ wọn, òòyì á máa kọ́ wọn, wọ́n á fẹ́ bì. A ó ní ibà ni, a ó yà ra oògùn. Bí orí bá ń fọ́ yín nínú mọ́tò tó sì ń fúyẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo abẹ́ mọ́tò yẹn kí ẹ tó tún gbé ọmọ sínú ẹ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ ò le tó bí a ṣe rò ó. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò sùn mọ́jú kó tutù pátá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ fín WD-40 sí àwọn bóòtù tó ti dípẹtà, kó ráyè wọlé. Láàárọ̀, spánà nọ́ńbà 14 ló máa ń tú ọ̀pọ̀ jù lọ lára Toyota. Ẹ fi omi ọṣẹ pa àwọn rọ́bà tó gbé páìpù rọ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n á yọ̀ jáde. Tí wáyà sensọ̀ bá wà lára ibi tí ẹ fẹ́ tú, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́, kó má baà já. Páìpù tí ẹ tú yẹn gan-an ni kí ẹ gbé dání lọ sí Uwelu tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí ẹ bá fi ẹnu júwe ẹ̀ lásán, ẹ ó lọ lẹ́ẹ̀mejì. Gásíkẹ́ẹ̀tì olóbìírí tó wà níbi ìsopọ̀, ẹ ra tuntun, ẹ má lo ti tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ má fún ìkankan pinpin títí tí gbogbo ẹ̀ á fi jókòó dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Èéfín díẹ̀ á jáde tí ẹ bá kọ́kọ́ tan án nítorí ọ́ìlì ọwọ́ yín tó wà lára páìpù. Ìta gbangba ni kí ẹ ti tan án, kì í ṣe nínú gáréèjì.

Àwọn bóòtù tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì gan-an, ẹ fi í sílẹ̀ fún mẹkáníìkì. Tí ọ̀kan bá kán sínú níbẹ̀, owó ńlá ni. Ẹ pè é wá sílé, kó ṣe é lójú yín.

Níbi jáàkì, a ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ilẹ̀ pupa Bìní yìí máa ń rọ̀ lẹ́yìn òjò, jáàkì á rì tàbí kó yẹ̀. Ẹ fi pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ fa handbrake. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì tí a máa ń gbé sábẹ́ mọ́tò yẹn, ó lè fọ́ lójijì láìkọ́kọ́ sán. Ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń pè ní axle stand ló yẹ kó gbé mọ́tò dúró. Ẹ má sì dá wọ abẹ́ mọ́tò nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ayálégbé, ẹ kọ́kọ́ bá bàbá onílé sọ̀rọ̀ kí ọ́ìlì tó kán sórí ilẹ̀ wọn.

A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé ló lágbára láti ra irin iṣẹ́ wọ̀nyí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dábàá pé kí àwa tí a wà ládùúgbò kan náà dáwó jọ ra jáàkì onítáyà kan, axle stand mẹ́rin, àti spánà láti nọ́ńbà 8 dé 19, kó wà nílé ẹnì kan tó ní ọgbà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á kọ orúkọ sílẹ̀, á dá a padà kílẹ̀ tó ṣú. Ìdílé mẹ́wàá ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ nífẹ̀ẹ́ sí i, ẹ jẹ́ ká gbọ́ yín kí oṣù yìí tó parí, ká lè jọ lọ bèèrè iye tí wọ́n ń tà á ní Uwelu.