Ọmọ Tó Ń To Dróònù Nílé Kì í Ṣe Ọ̀daràn

Ọmọ àbúrò mi kan nílùú Ìbàdàn ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú páálí báyìí, ó sì ti tì í sábẹ́ ibùsùn. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń tu owó jọ, tó ń ra èròjà dróònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku kó dán an wò ni bàbá rẹ̀ fárígá, ó ní nǹkan náà kò ní fò láti inú ilé òun. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: bí àwọn agbófinró bá ká a mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́, ta ni yóò gbà pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́? Èmi kò bá bàbá náà wí. Òfin ilẹ̀ wa ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Dróònù tí à ń sọ yìí, FPV ni wọ́n ń pè é, ó sì yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ayàwòrán ń gbé lọ sí òde ìgbéyàwó. Ẹni tó ń darí rẹ̀ máa ń fi awò bo ojú. Ohun tí kámẹ́rà orí dróònù bá rí ni òun náà ń rí, àfi bí ẹni pé inú rẹ̀ ló jókòó sí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó ló ń to tiwọn fúnra wọn. Èyí tí yóò lè rin ọ̀nà jíjìn sábà máa ń lo abẹ̀bẹ̀ oníńṣì méje, nítorí pé abẹ̀bẹ̀ ńlá tó ń yí pẹ̀lẹ́ kì í jẹ iná púpọ̀. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, tó ń gba agbára púpọ̀ sára láìwúwo jù. Ẹ̀rọ GPS wà lára rẹ̀ tí yóò darí rẹ̀ padà sílé bí ìsopọ̀ bá já. Ọ̀fẹ́ ni àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣàkóso rẹ̀, bíi Betaflight, INAV àti ExpressLRS. Ẹnikẹ́ni ló lè tú wọn wò láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wo iye ìmọ̀ tó péjọ sórí tábìlì kan ṣoṣo: fífi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà, ìṣirò iná, ìmọ̀ rédíò, ìmọ̀ afẹ́fẹ́ àti ti kọ̀ǹpútà. Ilé ẹ̀kọ́ wa mélòó ló ń kọ́ ọmọ ní gbogbo èyí, tí ọmọ yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é?

Àmọ́ ọ̀rọ̀ sùnùkùn, ojú sùnùkùn la fi ń wò ó. Láti ìgbà tí Rọ́ṣíà ti ya wọ Ukraine ní ọdún 2022, àwọn ará ìlú lásán níbẹ̀ ti kọ́ bí a ti ń to dróònù oníńṣì méje yìí nínú ilé wọn, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sójú ogun, níbi tí wọ́n ti ń so bọ́ǹbù mọ́ ọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Ààrẹ Zelensky kéde pé mílíọ̀nù kan dróònù ni orílẹ̀-èdè náà yóò ṣe ní ọdún 2024. Nílé níbí, ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àwọn ológun fòfin de dróònù tí kò gbàṣẹ ní ìpínlẹ̀ Borno, Yobe àti Adamawa. Ẹ̀rù tó ń ba ìjọba kì í ṣe ẹ̀rù òfìfo.

Ṣùgbọ́n bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Láti ọdún 2016 ni àjọ NCAA tó ń mójú tó ìrìnnà ojú òfurufú ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò dróònù láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ òun àti lọ́dọ̀ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè rí owó àti agbẹjọ́rò fi lépa irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ńkọ́? Ẹ sì rántí pé apániláyà kì í gba fọ́ọ̀mù. Ẹni tó fẹ́ pa òfin mọ́ nìkan ni òfin líle ń dá dúró.

Ní Amẹ́ríkà, òfin kò ní kí ọmọ má to dróònù. Ohun tó ní ni pé èyí tó bá wúwo ju gíráàmù 250 lọ gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀, kó má fò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 400 lọ, kí ẹnì kan sì dúró ti ẹni tó fi awò bojú, tí yóò máa fi ojú lásán wo dróònù náà lókè. Lọ́hùn-ún náà, ẹni tó bá fẹ́ kó rìn kọjá ibi tí ojú lè dé yóò gba àṣẹ ọ̀tọ̀. Wọ́n ya títò sọ́tọ̀ kúrò lára fífò, wọ́n sì ya fífò nítòsí sọ́tọ̀ kúrò lára rírìn jìnnà.

Ohun tó yẹ kí àwa náà ṣe nìyẹn. Kí ìjọba jẹ́ kí àwọn yunifásítì àti ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe forúkọ àwọn ọmọ tó ń to dróònù sílẹ̀, kí wọ́n yan pápá gbalasa tó jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú àti bárékè, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn yóò máa dán an wò níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ yọ abẹ̀bẹ̀ kúrò kí ẹ tó tan ẹ̀rọ yín nínú ilé. Ẹ má fò ó lórí èrò tàbí lórí ilé onílé. Pé ó lè dé ibi kìlómítà mẹ́wàá kò sọ pé kí ó lọ.

Láti ọdún 2016 ni dróònù ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Rwanda. Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Zipline kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oògùn ní Kaduna. Àjèjì ló ṣe wọ́n. Ọwọ́ tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village n'Íkẹjà kò rọ ju èyí tó lè ṣe tiwa lọ, bí a bá fún un láyè.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìmọ̀ yìí ti wọ ìlú, kò sì sí òfin tó lè lé e jáde mọ́. Bí a bá fi páálí àwọn ọmọ olóòótọ́ sílẹ̀ sábẹ́ ibùsùn, àwọn tó ń kọ́ ọ nínú igbó nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n lò.