"Mẹ́rin-mẹ́rin o!": ta ló wọn orúnkún wa?

Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì dáńfó ni mo fẹ́ sọ. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Tó o bá ti wọ dáńfó rí ní CMS tàbí Obalende, o ti gbọ́ kọ̀ndọ́: "Mẹ́rin-mẹ́rin o! Ẹ sún wọlé!" Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa mọ̀ pé èèyàn mẹ́ta ni bẹ́ǹṣì yẹn gbà. Ìyá tó sanra díẹ̀ bá wọlé, òun la máa ń yínmú sí. Kò sẹ́ni tó ń yínmú sí bẹ́ǹṣì.

Ọ̀pọ̀ àwọn bọ́ọ̀sì Volkswagen tó di dáńfó yìí, ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ibí ni wẹ́dà ti jó irin pọ̀, tó fi fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, tó gé fèrèsé sí i lára. Mọ́lúè ayé ọjọ́sí náà nìyẹn: ẹsẹ̀ lọ́rì Mercedes 911 ni wọ́n kan ilé èrò lé. N ò bú àwọn wẹ́dà o. Ẹni tó sọ lọ́rì di bọ́ọ̀sì, ó mọṣẹ́. Àmọ́ ohun tí olówó ọkọ̀ bi wọ́n ni pé èèyàn mélòó ló máa wọ̀ ọ́. Kò bi wọ́n pé báwo lẹsẹ̀ èèyàn ṣe gùn tó.

Ẹ wo ohun tó yọrí sí. Orúnkún ẹ wà lára irin iwájú. Ẹni tó rajà ní Ìdúmọ̀tà gbé ẹrù lé itan, torí ọkọ̀ tó ń kó èrò ọjà ò láyè fún ọjà! Tí ẹni ẹ̀yìn bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, ẹni tó wà lórí àga kékeré ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ fún un. Tí iná bá wá sọ ńkọ́? Ta ló máa dúró de ta?

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2019 ní kí ọkọ̀ èrò ṣeé wọ̀ fún àwọn akanda ẹ̀dá. Ẹ fi dáńfó kan ṣoṣo hàn mí.

Láyé 1950 sókè, Gilbert Daniels yẹ ìwọ̀n ara àwọn awakọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà tó lé ní 4,000 wò. Nínú ìwọ̀n mẹ́wàá tó lò, kò rí ẹyọ ẹnì kan tó ṣe déédéé àárín nínú gbogbo ẹ̀. Wọn ò sọ fún wọn pé kí wọ́n sún wọlé. Àga ni wọ́n ṣe tó ṣeé sún síwá sẹ́yìn.

Àwa ọmọ tech Èkó ńkọ́? A lè fi odidi ọ̀sẹ̀ kan jà lórí bóyá àtàǹpàkò máa dé bọ́tìnnì kan lórí fóònù. A ń ya ìlà dúdú dáńfó sára T-shirt, à ń tà á. Àga inú ẹ̀, kò sẹ́ni tó yà á rí.

Mo mọ èsì tó ń bọ̀: "Owó ni jàre." Òótọ́ ni, dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó fún olówó ọkọ̀, kó ra epo, kó tún rí ti àgbèrò. Ṣùgbọ́n láti March 2008 tí BRT ti ń ná Mile 12 sí CMS, àga ẹnì kan, ẹnì kan ló ń jókòó síbẹ̀. Ó ń kún, ẹlòmíì ń dúró, àmọ́ irin wà tó lè dì mú. Ẹ má sì sọ fún mi pé "Èkó nìyẹn". Irin ni bẹ́ǹṣì, kì í ṣe àyànmọ́. Ẹni tó jó o pọ̀ wà ládùúgbò, ó lè tún un jó.

Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ń wo bíréèkì, wọ́n ń wo iná. Kí wọ́n mú tépù dání náà. Bẹ́ǹṣì tí orúnkún àgbàlagbà ò bá gbà, kó má kúrò ní gáréèjì.

Tó o bá ń wọ dáńfó lọ́la, wọn àyè tó wà láàárín ẹ̀yìn àga ẹ àti irin iwájú. Kọ iye ẹ̀ àti ọ̀nà tó o gbà sábẹ́ ibí. Màá kó gbogbo ẹ̀ jọ.