Ọ̀dà Wo Ló Yẹ Ibùsùn Ọmọ Wa?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pobè àti ní agbègbè Àjàṣẹ́, a mọ igi lò. Bí a bá la igi tíìkì tàbí ọ̀gànwó, a máa ń fi pákó rẹ̀ kan àga, tábìlì, àpótí aṣọ àti ibùsùn fúnra wa. Iṣẹ́ rere ni, ó sì ń dín ìnáwó kù. Ṣùgbọ́n bí a bá kan nǹkan wọ̀nyí tán, ìbéèrè kan kù tí ọ̀pọ̀ wa kì í rò dáadáa: kí ni a ó fi kùn wọ́n, báwo ni a ó sì ṣe kùn wọ́n?

Èrò tèmi nìyí. Ohunkóhun tí ọmọdé yóò sùn lé, tí yóò jókòó lé, tàbí tí yóò jẹun lórí rẹ̀, ọ̀dà olómi ni kí a fi kùn ún. Bí a bá sì fẹ́ fọ́n ọ̀dà náà, kí a má ṣe fi pọ́ǹpù oògùn òwú fọ́n ọn láéláé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Oríṣi ọ̀dà méjì

Ọ̀kan ni ọ̀dà elépo. Ó máa ń dán, omi kì í tètè bà á jẹ́. Ìkejì ni ọ̀dà olómi. Omi lásán ni a fi ń là á, omi àti ọṣẹ ni a sì fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn ọ̀dà elépo. N kò bá wọn jiyàn, ó lágbára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ewu méjì wà nínú rẹ̀.

Ewu kìíní ni ohun tí a fi ń là á. Àwọn kan ń fi ẹ̀sáǹsì inú ìgò, tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, là á. Òórùn rẹ̀ a máa fa orí fífọ́ àti òòyì. Bí ààrò bá sì wà nítòsí, iná lè ràn lójijì.

Ewu kejì ni òjé. Òjé yìí náà ni àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kí ó lè rì. Wọ́n ṣì ń rí i nínú ọ̀dà elépo kan, pàápàá àwọn tó pupa fòò àti àwọn tí àwọ̀ wọn dà bí ìyeyè. Ọmọ tí eyín ń hù lẹ́nu rẹ̀ a máa gé etí ibùsùn jẹ. Bí ọ̀dà bá gbó, a máa ṣí, a sì di eruku. Ọmọ a fi ọwọ́ kan eruku náà, a sì fi ọwọ́ sẹ́nu. Àjọ tó ń rí sí ìlera ní gbogbo àgbáyé, tí a ń pè ní OMS, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Òjé tí ara ọmọdé ń gbà lè tó ìlọ́po 4 tàbí 5 èyí tí ara àgbàlagbà ń gbà. Ó ń ba ọpọlọ jẹ́, ó sì ń dín ẹ̀jẹ̀ kù. Ọpọlọ tí òjé bá ti bà jẹ́, kò sí oògùn tí yóò dá a padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ tún jókòó kọ́ a, b, d, ẹ mọ iyì ìwé. Kí ni èrè wa bí a bá rán ọmọ lọ sílé ìwé ní òwúrọ̀, tí ibùsùn rẹ̀ ń ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ní òru?

Ẹ ka ara agolo

Ẹ má ra ọ̀dà tí wọ́n bù sínú ike tí kò ní àkọlé. Èdè Faransé ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́ sára agolo, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ lẹ́tà lè wá ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí. «Eau» ni omi. «Bois» ni igi. «Sans plomb» ni pé kò sí òjé nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí «white spirit», ọ̀dà elépo nìyẹn. Èyí tí wọ́n kọ «eau» àti «bois» sí lára ni kí ẹ mú. Ọ̀dà olómi tí kò wọ́n, tó wà fún ògiri nìkan, kì í pẹ́ lára àga. Bí a bá ti fi aṣọ tútù nù ún lẹ́ẹ̀mélòó kan, a ṣí kúrò.

Pọ́ǹpù òwú kò yẹ fún ọ̀dà

Nítorí pé omi ni a fi ń la ọ̀dà yìí, àwọn kan lè rò pé pọ́ǹpù tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn lọ sóko òwú yóò fọ́n ọn dáadáa. Wọn á ní, «Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.» Ẹ̀yin ará, ọṣẹ kì í fọ oògùn kúrò tán nínú rọ́bà pọ́ǹpù. Bí ẹ bá fọ́n ọn sára ibùsùn, oògùn kòkòrò ni ẹ tẹ́ fún ọmọ yẹn. Ní ọdún 1999, ní Borgou, oògùn òwú kan tó ń jẹ́ endosulfan pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 2011, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòpin sí lílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n májèlé ni àwọn oògùn tí a ń lò lónìí náà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Ọ̀dà nípọn, yóò dí ihò ẹnu pọ́ǹpù náà. Nígbà tí àgbẹ̀ bá padà gbé e lọ sóko, yóò fi ẹnu fẹ́ ihò náà kí ó lè là. Májèlé ló fẹnu kàn yẹn.

Bí a ṣe lè fọ́n ọn

Bí gbẹ́nàgbẹ́nà kan nítòsí yín bá ní ẹ̀rọ ìfọ́n ọ̀dà tó dà bí ìbọn, tí wọ́n ń pè ní pisitolé, ẹ gbé iṣẹ́ náà lọ bá a. Bí kò bá sí, búrọ́ọ̀ṣì tó.

Ẹ kọ́kọ́ fi bébà oníyanrìn họ pákó náà kí ó dán, kí ẹ sì fi aṣọ nu eruku rẹ̀. Ẹ ro ọ̀dà dáadáa, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Omi tí ẹ ó fi là á kò gbọdọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sára agolo lọ. Ìta gbangba ni kí ẹ ti fọ́n ọn, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ẹ̀yìn yín, kí ẹ sì lo ìbòmú, nítorí ọ̀dà olómi pàápàá kò yẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ lé ọmọdé àti adìẹ jìnnà, ẹ sì bo ìkòkò omi. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó nípọn. Kí ti ìṣáájú gbẹ kí ẹ tó kun òmíràn. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣọ́ra fún eruku. Bí ó bá gbẹ lójú, ó lè má tíì le nínú: ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kí ọmọ tó sùn lé e.

Bí ibùsùn àtijọ́ bá ní ọ̀dà elépo lára, ẹ má họ ọ́ ní gbígbẹ nínú ilé. Eruku rẹ̀ lè ní òjé nínú.

Bí owó kò bá tó ńkọ́?

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀dà olómi tó dára wọ́n. Ilé mẹ́ta lè dáwó jọ ra agolo kan. Bí owó kò bá tó síbẹ̀, ẹ họ pákó náà kí ó dán, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ láìkùn. Igi lásán kò pa ọmọ lára. Ọ̀dà tó ń dán, tó sì ní òjé nínú, ló ń pa á lára.

Ọmọ ni aṣọ wa. Kí á tó wá ohun tí yóò dán lójú àlejò, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wá ohun tí kò ní pa ọmọ wa lára.